Báwo ni Èkó Ṣe Jìnnà sí Àrámọkọ Tó?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2018, àbúrò bàbá mi obìnrin jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Àrámọkọ-Èkìtì, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá ti inú ilé jáde pé, "Ibo ló dé báyìí?" Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń béèrè. Ọ̀sán àná ni bàbá wa kú. Mùsùlùmí ni bàbá, ẹ sì mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í tọ́jú òkú. Agbára káká ni Lèmọ́mù fi gbà fún wa pé a lè dúró di ẹ̀yìn ìrun alásárì ọjọ́ kejì, nítorí àkọ́bí tó wà lókè òkun. Kò ní fi ìṣẹ́jú kan kún un.

Aago méje kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní òun ti gba ẹrù òun, òun ti jáde ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Mo sáré sọ fún ìyá àgbà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ó ti dé Èkó? Ó ti dé nìyẹn!"

Ọ̀rọ̀ kékeré tí màmá yìí sọ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa tú wò lónìí. Ṣé bí ènìyàn bá ti dé Èkó, ó ti dé Èkìtì nìyẹn?

Bí ẹ bá mú àwòrán ilẹ̀, tí ẹ fi rúlà fa ìlà gbọọrọ láti Ìkẹjà dé Àrámọkọ, ìlà náà kò ju bíi 225 kìlómítà lọ. Láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó jẹ́ bíi 5,000 kìlómítà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń bọ̀ tó ìlọ́po méjìlélógún ibi tó kù fún un. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni bàálù fi gbé e rin èyí tó pọ̀. Lójú rúlà, èyí tó kù kò yẹ kó gbà á ju ìṣẹ́jú ogún lọ! Ṣùgbọ́n ta ló ń fi rúlà rìnrìn àjò?

Àwọn bàbá wa tó wà ṣáájú kò mọ kìlómítà, wọn ò sì mọ máìlì. Bí o bá bi ènìyàn ní Ẹfọ̀n-Aláayè láyé àtijọ́ pé báwo ni ìlú kan ṣe jìnnà tó, ohun tí yóò sọ fún ọ ni iye ibi tí o máa sùn kí o tó débẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù kì í lè rìn ju bíi 25 tàbí 30 kìlómítà lọ lóòjọ́ bí ó bá fẹ́ tún dìde rìn lọ́la. Bí òkè bá wà, ó dín kù. Òkè ló sì kún ìwọ̀-oòrùn Èkìtì. Òkè Ẹfọ̀n nà gbọọrọ bí ògiri láàárín wa àti àwọn Ìjẹ̀ṣà, àfi kí o gùn ún, kí o sì sọ̀ kalẹ̀ níhà kejì. Ìdí nìyẹn tí ìrìn òǹkà àwọn àgbà fi tọ̀nà ju ti rúlà lọ. Rúlà kò mọ òkè, kò mọ òjò, kò sì mọ ogun.

Ogun gan-an ló kọ́kọ́ fi han ìran wa bí Èkó ṣe lè jìnnà tó. Ní 1878, ní Òkèmẹ̀sí tó wà lẹ́bàá wa níbí, Fábùnmi bẹ́ orí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni Èkìtì Parapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, tí ogun Kírìjì sì fi dé. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà pa ibùdó sí Ìmẹ̀sí-Ilé, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé ni olórí ogun wọn. Ìbàdàn pa tiwọn sí Ìgbájọ, abẹ́ Ààrẹ Látòósà. Wọ́n wo ara wọn lójú níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé 1893 ni ibùdó ogun tó tú pátápátá.

Nínú gbogbo ogun yẹn, ọ̀nà lọ́rọ̀ wà. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti di ọ̀nà etí òkun mọ́ Ìbàdàn. Ní ti àwọn Èkìtì, ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń gbà: láti Ìlẹ̀ṣà gba inú igbó lọ sí Oǹdó, láti Oǹdó dé etí omi, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà wá sí Èkó. Nígbà tí Glover, tí àwọn èèyàn wa ń pè ní Gólóbà, ń ṣe àkóso Èkó ni wọ́n ṣí ọ̀nà yìí, ní nǹkan bí 1872. Ẹ wo bó ṣe yípo! Ẹni tó wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé tó ń lọ sí Èkó, tó yẹ kó kọjú sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, yóò kọ́kọ́ gba inú igbó lọ sí Oǹdó. Síbẹ̀ ọ̀nà tó yípo yẹn ló gba Èkìtì Parapọ̀ là, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó ń gbà fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí wọn, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí dípò ẹnu. Ìbàdàn ló sún mọ́ Èkó jù lójú rúlà. Èkìtì ló sún mọ́ ọn jù lójú ìbọn.

Nígbà tí gómìnà Èkó, Moloney, fẹ́ bá wọn parí ìjà ní 1886, àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run méjì ló rán. Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ló lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìbàdàn. Charles Phillips tó ń gbé ní Oǹdó ló lọ sọ́dọ̀ Èkìtì Parapọ̀. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n kó àwọn aṣojú wá sí Èkó, a sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1886. Orúkọ Ajerò ti Ìjerò wà nínú ìwé yẹn, pẹ̀lú Ọwá Ìlẹ̀ṣà, Ọ̀ọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn àti Ọlọ́júdò Ìdó. Àmọ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó kéde àlàáfíà náà lójú ogun. Ọjọ́ mọ́kànléláàádọ́fà! Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn nìkan ló gba gbogbo ọjọ́ yẹn. Àríyànjiyàn wà ńbẹ̀, òjò wà ńbẹ̀, ìfura wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti Èkó sí Ìmẹ̀sí-Ilé kò pé 250 kìlómítà lójú òfuurufú. Àwọn ọmọ ogun tó sì kú láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ìwé àlàáfíà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Ó kàn jẹ́ pé kò ì dé ọ̀dọ̀ wọn ni.

Òyìnbó wá gba ilẹ̀. Ní 1900 wọ́n dá ìgbìmọ̀ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀, Òkè-Imọ̀ ní Ìlẹ̀ṣà ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó. Àwọn ọba Èkìtì ò fẹ́ràn èyí rárá. Bí ẹ bá jẹ́ ọba, tí wọ́n ní kí ẹ máa gun òkè Ẹfọ̀n kọjá lọ jókòó ní ààfin ẹlòmíràn kí ẹ tó lè sọ̀rọ̀ nípa ìlú yín, inú yín á dùn bí? Ní 1913 ni Èkìtì tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹkùn, tí Adó-Èkìtì di olú-ìlú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Ẹfọ̀n, Àrámọkọ àti Ìjerò ti ní ojú ọ̀nà méjì: ọ̀kan sí Adó lápá ìlà-oòrùn, èkejì sí Ìlẹ̀ṣà lápá ìwọ̀-oòrùn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn òyìnbó náà ṣe ń rìn, ẹ wá àwòrán ilẹ̀kùn ààfin Ìkéré tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, tó sì wà ní mùsíọ́ọ̀mù Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ Kápútéènì Ambrose sínú rẹ̀. Orí ìdùbúlẹ̀ tí ènìyàn méjì gbé ni òyìnbó náà wà. Ó jókòó, ó káwọ́ ẹsẹ̀ sókè. Alágbára òyìnbó tó ní ìbọn, tó ní ìwé àṣẹ, kò lè yára ju ẹsẹ̀ ẹni tó gbé e lọ. Mo fẹ́ràn ilẹ̀kùn yẹn gan-an.

Lẹ́yìn náà ni reluwé dé, kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, bíi 193 kìlómítà. Ní 1907 ó dé Òṣogbo, ó sì yà sí Ìlọrin lọ. Kò wo Èkìtì lójú. Síbẹ̀, lójijì, Èkó sún mọ́ wa. Ẹni tó wà ní Ìjerò tàbí Ẹfọ̀n kò ka ọ̀nà Èkó mọ́, ọ̀nà Òṣogbo ló ń kà. Bí ó bá ti lè fi ẹsẹ̀ rin ọjọ́ méjì dé Òṣogbo pẹ̀lú ẹrù lórí, ọkọ̀ irin yóò gbé e dé Èkó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó sinmi tán. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó rin ìrìn yẹn. Bàbá mi máa ń sọ pé bàbá òun kì í sọ ìtàn Èkó rárá, bó ti lẹ̀ dé Èkó lẹ́ẹ̀mẹta. Ìtàn òkè Ẹfọ̀n ló máa ń sọ: ibi tí ẹrù ti já lórí òun, ibi tí òjò ti pa wọ́n, ilé tí wọ́n ti fún wọn ní iṣu sísun jẹ lóru. Lẹ́yìn Òṣogbo, òun kò tún rántí nǹkan kan. Ó sùn nínú ọkọ̀ ni.

Láti ìhà kejì, àwọn Ìjẹ̀ṣà alásọ náà ń gun òkè yẹn bọ̀ wá bá wa. Òṣómàáló là ń pè wọ́n, nítorí pé wọ́n á tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè, wọ́n á ní àwọn ò ní dìde títí àwọn á fi gba owó. Èmi ò dá wọn lẹ́bi o. Ẹni tó fẹsẹ̀ gun òkè Ẹfọ̀n wá gba owó, ṣé ẹ fẹ́ kó tún padà lọ lọ́wọ́ òfo ni?

Ìgbà tí lọ́rì dé ni nǹkan yàtọ̀. Bọ́lẹ̀kájà onípákó ń ti Ìlẹ̀ṣà bọ̀, ó gba Ìwárajà, ó gba Ẹ̀rìnmọ̀, ó gun òkè dé Ẹfọ̀n, ó sọ̀ sí Ìtáwùrẹ́, ó sì gba Àrámọkọ, Ìgèdè àti Ìyìn dé Adó. Bí ọkọ̀ bá ti ń pòṣé lórí òkè, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ á bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìtì igi lọ́wọ́, á máa sáré tẹ̀lé e. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, ìtì igi yẹn ló máa fi há ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó má baà yí padà sẹ́yìn. Gbogbo èrò á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn arúgbó nìkan ló máa ń jókòó, àwọn náà á máa pe Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti já sí àfonífojì ní kọ́nà Ẹfọ̀n, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ti sunkún níbẹ̀.

Síbẹ̀ ọ̀nà náà kún. Nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ̀rẹ̀ ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Ìlẹ̀ṣà ní 1930, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Èkìtì fi lọ. Láìpẹ́, wòlíì náà gun òkè wá bá wọn ní Ẹfọ̀n, Aláayè Agúnsóyè sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù keje 1959, Ẹdẹ ni Babalọlá kú sí. Ṣùgbọ́n Ẹfọ̀n ni ibojì rẹ̀ wà. Mọ́tò ti wà nígbà yẹn láti gbé e. Ká ní 1890 ló kú sí Ẹdẹ ńkọ́?

Ní ti bàálù, 1925 ni ọkọ̀ òfuurufú kọ́kọ́ balẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní Kánò, láti Íjíbítì. Nígbà tó máa fi di 1936, Imperial Airways ti ń gbé lẹ́tà àti èrò láti ìlú òyìnbó wá sí Kánò, tó sì dé Èkó kí ọdún yẹn tó parí. Ìwọ̀nba ènìyàn ló ń wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ òkun ni tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Àwọn tó wọ Aureol láàárín 1951 sí 1974 ṣì wà láàyè, wọ́n sì ń sọ ọ́: bí ọjọ́ mẹ́tàlá láti Liverpool dé Apapa. Láyé yẹn, ọjọ́ kan láti Èkó sí Èkìtì kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ta ló máa kà á, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá lórí omi?

Ẹ jẹ́ ká fọkàn sí ibí yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìyípadà wà. Nígbà tí òkun di wákàtí mẹ́fà, ọ̀nà ilé kò dín kù mọ́. Ó dín kù títí di ìgbà kan, ó sì dúró. Ní 1978 wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọmọdé ni mí ní àwọn ọdún 1980, mo rántí pé a máa ń kúrò ní Èkó ní ìdájí, a ó jẹ dòdò àti ẹyin ní Ifẹ̀, a ó sì ti dé Àrámọkọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Wákàtí márùn-ún, ó pọ̀ jù mẹ́fà. Ní 2018, nígbà tí wọ́n ń tún ọ̀nà márosẹ̀ yẹn ṣe, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì gba ibẹ̀ kan, ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́jọ dé, ó yẹ kó dúpẹ́. Ogójì ọdún kọjá, ọ̀nà Àrámọkọ wá ń gùn sí i!

Ẹ ó ní bàálù ńkọ́? Pápákọ̀ òfuurufú wà ní Àkúrẹ́ láti àwọn ọdún 1980. Láti Ìkẹjà débẹ̀ jẹ́ bíi 230 kìlómítà, bàálù kì í lò ju bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ lókè. Láti ibẹ̀ sí Àrámọkọ, gba Adó, kò pé 100 kìlómítà. Lóṣù kẹwàá 2022, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí tún ṣí pápákọ̀ òfuurufú ti Èkìtì fúnra rẹ̀ ní Adó, kó tó gbé ìjọba sílẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń yìn ín, mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń bú u. Tèmi ni pé ẹni tó ń bọ̀ ní Ẹfọ̀n tàbí Ìjerò kì í gbé inú pápákọ̀. Ohun tó bá fi gúnlẹ̀ ní Adó, tó tún fi dé ìgbèríko, ẹ kà á mọ́ ọn. Kí ènìyàn tó wọ bàálù, wákàtí méjì ti lọ nínú ìdúró. Bí bàálù bá sì lọ́ra, kò sí ẹni tó máa sọ fún ọ bó ṣe máa pẹ́ tó.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó pè ní aago méje yẹn, a jọ ṣe ìṣirò lórí fóònù. Mọ́tò á gbé e dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta, bí ọ̀nà bá gbà. Bàálù Àkúrẹ́ máa gbéra ní aago méjìlá ọ̀sán, á balẹ̀ kó tó di aago kan. Ká fún ọ̀nà ilẹ̀ ní wákàtí méjì. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn lóru, tí bàbá rẹ̀ kú, ẹ ò lè ní kó lọ jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí mẹ́jọ. Èmi ni mo ní kó wọ bàálù. Mo ń rántí rẹ̀.

Aago méjìlá kọjá, wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù. Aago kan kọjá. Aago méjì, wọ́n fún wọn ní omi inú ike àti bisikíìtì. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n tó gbéra. Kò tó ìṣẹ́jú ogójì tí wọ́n fi dé Àkúrẹ́, ojú ọjọ́ dára lókè, ó ní òun rí òkè Ìdànrè láti ojú fèrèsé. Aago mẹ́rin kọjá kó tó rí mọ́tò tó máa gbé e. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Adó ní ọdún yẹn, kòtò sí kòtò ni. Ìgbà tó fi máa kọjá Ìyìn, òjò dé.

Ní Àrámọkọ, a ti kírun alásárì. Lèmọ́mù wò mí, mo wo ilẹ̀. Ìyá àgbà tún bi mí pé, "Ibo ló dé báyìí?" Mo ní, "Ó ti kúrò ní Àkúrẹ́." Kò dáhùn. Ó dìde, ó wọlé lọ mú gèlè rẹ̀.

Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mọ́tò dúró síwájú ilé. Erùpẹ̀ ṣì wà lára ṣọ́bìrì tí wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó fi ọwọ́ bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó yọ bébà tíkẹ́ẹ̀tì tó gbé wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á fún ìyá àgbà, aago tó gbéra àti aago tó balẹ̀, bí ẹni pé màmá náà ló ń jiyàn pé kò tètè bọ̀.